Ẹja ni mo fi wé oògùn fún Tanímọ̀la

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ìwé ìlera ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyè díẹ̀ níbẹ̀ fún oògùn ajá àti ológbò.

Ọ̀kadà ló gbá Tanímọ̀la, ajá mi, lẹ́sẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ń tiro, ó ń ké lóru. Mo lọ sí kẹ́mísìtì, mo sọ pé ajá ni mo fẹ́ fún lóògùn. Ọmọ tó ń tajà na ibuprofen, oògùn ìrora, sí mi: "Ẹ fún un ní ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, màmá." Oní 400 miligíráàmù tí àgbàlagbà ń lò ni. Mo fi ẹja wé e, Tanímọ̀la sì gbé e mì.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Nígbà tí dókítà ẹranko gbé ètè rẹ̀ sókè, erìgì rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ó ní oògùn náà ti dá egbò sí i níkùn, pé ẹ̀jẹ̀ ló sọ ìgbẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀, pé ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fa omi sí i lára kó tó dìde.

Kí dókítà tó kọ oògùn mìíràn, ó gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 17. Èmi tí mo ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ lójoojúmọ́, kò sọ sí mi lọ́kàn láti wọn ajá mi! Ó kìlọ̀ pé bó ti wù kó máa ké tó, mi ò gbọ́dọ̀ fi kún iye tí òun kọ, àti pé bó bá tún bì tàbí tó kọ oúnjẹ, kí n dáwọ́ oògùn dúró, kí n gbé e wá kíá. Ó bi mí bóyá ológbò wà nílé, nítorí ìdajì paracetamol kan lè pa á: ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti fọ́ oògùn yẹn. Àwọn kan tún wà ládùúgbò wa tó ń fi ojú díwọ̀n abẹ́rẹ́ eégbọn màlúù fún ajá. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníkẹ́mísìtì, bí ẹnì kan bá ní ajá ni òun fẹ́ tọ́jú, ẹ má tà fún un. Ẹ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Tanímọ̀la ti ń sáré báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá na ẹja sí i, á gbóòórùn rẹ̀ títí, á wá gbójú sókè wò mí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.