Oòrùn tí mò ń lé

Ògìdì-Ìjùmú,
14 oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o! Ṣé òtútù Glasgow kò tíì gé ọ létí? Ọyẹ́ ò jẹ́ ká gbádùn níbí náà; ètè mi ti là débi pé ẹ̀rín gan-an ń dùn mí.

A ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Ibi tí màmá ti ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù la kọ́kọ́ yà, lẹ́sẹ̀ àpáta. Ojú mi rí màbo! Òṣèré tó ń ṣe màmá pẹ́ dé láti Kàbà, ó di aago méjìlá ọ̀sán kí n tó gbé kámẹ́rà. Oòrùn ti ga, ihò ojú màmá ṣókùnkùn, imú ń dán. Gbogbo ẹkún tó sun, n ò rí omijé kan. Mo ṣí ojú kámẹ́rà sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí ojú rẹ̀ lè hàn, ni ojú ọ̀run bá funfun báláú.

Ẹnì kan ní ká fi páànù tuntun da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Hà! Màmá figbe ta, ó ní owó ojú ò sí nínú owó tí a bá òun ṣe. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ìyá mi ló yọ wá. A ní kí màmá kẹ̀yìn sóòrùn, ọmọkùnrin méjì na aṣọ náà síwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bá rọra gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Omijé yọ.

Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló wù mí jù. Eruku ọyẹ́ tí à ń bú yìí ń sẹ́ oòrùn bí ẹni sẹ́ ògì, kò sí òjìji tó le. Àmọ́ oòrùn tiwa kì í fì, ṣe ló ń jábọ́: tó bá ti pọ́n, bóyá ìṣẹ́jú 25 ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo yà á lánàá kí àpáta tó gbé e mì.

Ìdí lẹ́tà mi rèé. Oòrùn yín kì í ga lásìkò òtútù. Gbogbo ọ̀sán yín ni ìrọ̀lẹ́ tí mò ń sáré lé. Jọ̀ọ́, bá mi ya ọmọ náà níbẹ̀, lẹ́bàá odò. Apá ọ̀tún màmá ni oòrùn wà. Jẹ́ kó wà lápá òsì ọmọ, kó lè dà bíi pé wọ́n kọjú síra wọn. Má tan iná kankan o!

Èmi ni,
Délé