Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fọn túbà gbọ́ túbà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín, nípa fèrè idẹ ńlá tí à ń pè ní túbà, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn pátápátá nínú bàǹdì ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ń làágùn jù lọ, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìsìnkú àgbà tí ìwọ́de sì gba iwájú Ọjà Ọba kọjá. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní fèrè. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tó ń fọn túbà láàrin wa kò gbọ́ túbà rí. Wọ́n gbọ́ ti ara wọn, wọ́n gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n tó fi fèrè náà lé wọn lọ́wọ́, ó tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa dún búù, búù lábẹ́ orin àwọn yòókù.

Lóṣù tó kọjá, mo dá ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan dúró lẹ́yìn ìdánrawò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yìí máa ń wú bí ẹni tó ń fẹ́ iná, èémí rẹ̀ kì í sì í bá ìlà orin dé òpin. Mo ki iápíìsì bọ̀ ọ́ létí, mo sì tan orin kan fún un: apá kejì kọnṣẹ́tò túbà, ìyẹn orin tí túbà ń síwájú tí ọ̀kẹ́sírà sì ń gbè é, tí Ralph Vaughan Williams, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ. Ó gbájú mọ́ ilẹ̀ títí orin fi parí. Nígbà tó yọ iápíìsì náà, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé túbà nìyẹn ni?" Ó ní kí n jọ̀wọ́ tún un tàn.

Orin yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kó orin túbà jọ fi bẹ̀rẹ̀. Vaughan Williams ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lu orin náà ní 1954, níbi àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sírà London Symphony Orchestra. Philip Catelinet ló fọn ún, Sir John Barbirolli ló darí, wọ́n sì gbà á sínú àwo lọ́dún náà gan-an. Inú bàǹdì ìjọ Salvation Army ni Catelinet ti wá, mo sì máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọ mi, kí wọ́n lè mọ̀ pé bàǹdì ìjọ kì í ṣe ibi ìgbẹ̀yìn fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn mi lórí ìkójọ ni pé kí a gba orin kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta kí a tó wá òmíràn lọ. Lẹ́yìn ti Catelinet, ẹ wá ti John Fletcher, tí André Previn darí, ẹ sì wá ti Arnold Jacobs pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sírà Chicago, tí Daniel Barenboim darí. Ohùn Fletcher fúyẹ́, ó sì já geere. Ti Jacobs gbòòrò, ó kún inú yàrá láìpariwo. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, tó sì lè sọ èyí tó wù ú àti ìdí rẹ̀, ti ní etí. Jacobs yìí wà nídìí túbà ní Chicago láti 1944 títí di 1988, bẹ́ẹ̀ ikọ́ fée ń bá a jà. Ohun tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni orin àti èémí: kí èèyàn kọ́kọ́ kọ orin náà nínú ọkàn, kí èémí wá gbé e jáde. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ ohùn rere rí yóò ṣe kọ ọ́ nínú ọkàn?

Ẹ má ṣe fi sìpíkà kékeré ara fóònù gbọ́ àwọn orin wọ̀nyí. Kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ rárá, ìdajì túbà yóò sì ti dànù kí ó tó dé etí. Iápíìsì tó dára, tàbí sìpíkà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn, ló yẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ gbà á sórí mẹ́mọ́rì káàdì, kí owó dátà má baà dá ìgbọ́ràn dúró.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yà sí New Orleans ní Amẹ́ríkà. Bàǹdì idẹ ló ń sin òkú níbẹ̀ bíi tiwa: orin ìjọ jẹ́jẹ́ ní àlọ sí ibojì, ijó ní àbọ̀. Nínú àwo tí ẹgbẹ́ Dirty Dozen Brass Band ṣe ní 1984, Kirk Joseph ló wà nídìí súsáfóònù, ìyẹn túbà tí ń yí ara ká. Ẹ fetí sí i bó ṣe ń rìn, tó ń sáré, tó ń dá àwọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì lóhùn. Bí ìyáàlù ló rí, òun ló ń darí ẹsẹ̀ àwọn oníjó. Àwọn tiwa máa ń rẹ́rìn-ín ayọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Fyah, àwo Theon Cross, afọn-túbà ará Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde ní 2019, tẹ̀ lé ọ̀nà yìí kan náà.

Sonátà, ìyẹn orin fún túbà àti dùùrù, tí Paul Hindemith kọ ní 1955 le díẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀, ó lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Øystein Baadsvik, ọmọ Norway, sílẹ̀: nínú orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Fnugg, ó ń fọn túbà, ó sì ń kọrin sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún wá Carol Jantsch, obìnrin tí ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sírà Philadelphia fi sípò olórí túbà ní 2006 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Ọmọbìnrin méjì ni mo mọ̀ nílùú yìí tí wọ́n lé kúrò nídìí túbà pé kì í ṣe ẹrù obìnrin. Ọ̀kan ti padà wá sọ́dọ̀ mi, ó sì ń fọn dáadáa.

Èyí tó kù nínú àpótí orin mi ni tiwa fúnra wa. Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, ẹ bá mi fi tó àwọn òǹkàwé yín létí: ẹnikẹ́ni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n fi gba bàǹdì ìjọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, níbi ìsìnkú, ìkórè tàbí ìwọ́de Kérésìmesì, kí ó má jù ú nù. Kí ó kọ̀wé sí yín. Mo ṣe tán láti wá gbọ́ ọ, kí n sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, bí túbà inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dún ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ bàǹdì ìjọ kan,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.