Bọ́sẹ̀, dá fọ́ọ̀mù yẹn dúró ná

Houston, Texas
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á pé Màmá ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí o fi dúró tì wọ́n nílé ní Nàìjíríà, tó lé ní ọdún kan, kò já sásán. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o fi àkókò ṣòfò.

Fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ Amẹ́ríkà, tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ ló jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Jọ̀ọ́, dá a dúró ná. O ní re-entry permit, ìwé àṣẹ láti padà wọlé, tí o gbà kí o tó lọ ti bo ohun gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Green card rẹ, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà, ni ìwé yẹn dáàbò bò nígbà tí o ń padà bọ̀. Ọdún 5 tí wọ́n ń kà fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, kò kan ìyẹn rárá. Ẹni tó bá ti lo ọdún kan gbáko lẹ́yìn odi láìwọlé, kíkà rẹ̀ ti já, àfi àwọn tí ìjọba tàbí irú àwọn ilé iṣẹ́ kan rán lọ, tí wọ́n sì ti gba ìwé N-470 tí kì í jẹ́ kí kíkà náà já.

Mo mọ̀ pé ìrìn àjò tèmi lò ń wò. Tèmi lé ní oṣù 6, ṣùgbọ́n kò tó ọdún kan. Fún irú èyí, òfin á kọ́kọ́ gbà pé o ti kó kúrò ni, ìwọ ni wàá wá fi ẹ̀rí hàn pé o ò kó lọ. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí N-400 tèmi ṣí páásípọ́ọ̀tù mi, ó fi bírò tọ́ka sí òǹtẹ̀ ọjọ́ tí mo jáde, ó ń ṣí i lọ títí ó fi kan ti ọjọ́ tí mo wọlé, ó ní, "Láàárín méjèèjì yìí, ibo ni ilé rẹ wà?" Mo kó ìwé jáde: rìsíìtì owó ilé, lẹ́tà ibi iṣẹ́ pé àyè ni mo gbà, mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó wà níbí lọ́dọ̀ bàbá wọn, ìwé owó orí. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà mi ń já. Ṣùgbọ́n tìrẹ ti kọjá ọdún kan, ẹ̀rí kankan ò lè so ó padà.

Oṣù kẹta ọdún 2023 lo padà dé. Tí ọdún 4 àti ọjọ́ 1 bá pé, ìyẹn oṣù kẹta 2027, òfin gbà ọ́ láyè láti kọ ọ́, torí pé nínú ọdún 5 tí wọ́n máa wò sẹ́yìn, ìyókù àkókò tí o fi wà nílé kò ní pé ọdún kan mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì máa lé ní oṣù 6, wọ́n á sì béèrè ẹ̀rí bí wọ́n ṣe béèrè lọ́wọ́ mi. Tí o bá lè fara dà á kí oṣù kẹsàn-án 2027 parí, ìbéèrè yẹn ti kúrò ńlẹ̀. Ohun tí èmi á ṣe nìyẹn.

Mo mọ ìdí tí o fi ń kánjú. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ti pé ọdún 21 ló lè kọ̀wé mú òbí rẹ̀ wá, ẹni tó ní green card ò lè ṣe é. Àárò Màmá ló ń ṣe ọ́. Àmọ́ tí o bá kọ ọ́ báyìí, wọ́n á kọ̀ ọ́, owó rẹ ò ní padà, wọ́n sì lè wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìrìn àjò yẹn wò bóyá green card gan-an ṣì tọ́ sí ọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ní báyìí, má tún pẹ́ tó oṣù 6 níta. Oṣù 30 ó kéré tán nínú ọdún 5 náà ni o gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ níbí. Má ju páásípọ́ọ̀tù tó ti kú nù, òǹtẹ̀ inú rẹ̀ la máa fi ka ìrìn àjò rẹ. Má sì gbà kí wọ́n kọ ọ́ ní non-resident, ẹni tí kò gbé níbí, sórí ìwé owó orí. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ náà kí wọ́n fọkàn balẹ̀: tí o bá tilẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí a bí sí i.

Ya àwòrán gbogbo òǹtẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Màá pè ọ́ lálẹ́ Sátidé, ká jọ to déètì wọn kí o tó kó wọn lọ bá lọ́yà.

Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni tìrẹ,
Rẹ̀mí