Ẹ bá wa pín kíláàsì yìí

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa l'Abuja níbí ni mò ń gbé, Use of English ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n kọ ojú ewé kan péré nípa ọjà Kubwa, ọmọkùnrin kan kọ ìlà mẹ́rin, kò sí fúlúsítọ́ọ̀pù kankan níbẹ̀, ó tún wá ń kọ "u" dípò "you" bíi ti WhatsApp. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ mo ní kó kà á sókè sí mi létí, kó tó kà á tán òun fúnra ẹ̀ ló nawọ́ sí ibi tó yẹ kó ti dánu dúró! Ọmọ yẹn ò ya olódo rárá, kò sẹ́ni tó jókòó tì í rí ni.

Ẹ wo JAMB tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó wọlé, ìbéèrè 60 ni ti Use of English, kí wọ́n ṣáà ti mú A àbí B ni, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan. WAEC tó ní kí wọ́n kọ àròkọ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ nǹkan tó ń lọ nínú họ́ọ̀lù (ẹ jẹ́ n panu mọ́).

Àwọn kan láàárín àwa olùkọ́ ní ká máa jókòó ti ọmọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ gbólóhùn, iṣẹ́ tíṣà praimárì nìyẹn, èmi ò gbà o. Àmọ́ ọmọ 200 nínú kíláàsì kan, ta ló fẹ́ máàkì ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kí àwọn aláṣẹ bá wa pín wọn sí ọgbọ̀n ọgbọ̀n, kí wọ́n máa kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀, ká jọ kà á, kí wọ́n tún un kọ.

Èmi ni,
Tíṣà kan ní Kubwa, Abuja.