Ẹsẹ̀ ọmọ yín àti ẹsẹ̀ òsì tèmi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé ibà ọmọ náà ti lọ. Lóru ọjọ́ tí ẹ pè mí, mi ò ráyè ṣàlàyé. "Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí" nìkan ni mo ń pariwo. Mo wá jókòó kọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó dẹ́rù bà mí: àrùn tí kòkòrò ń dá sílẹ̀ nínú egungun, tí àwọn dókítà ń pè ní osteomyelitis.

Ẹ ní ó ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù. Ìṣubú yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹsẹ̀ tó rọ́ lásán máa ń rọjú díẹ̀díẹ̀, kì í sì í mú ibà wá. Tiẹ̀ ń le sí i lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ń gbóná, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú kan péré lókè orúnkún. Nígbà tí ẹ wá ní kò lè fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́, àyà mi já. Wíwú àti pípọ́n lè pẹ́ kó tó yọ síta, nítorí inú lọ́hùn-ún ni egungun wà. Ti ọmọ ọwọ́ tún ṣòro jù: kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, kò kàn ní í gbé apá tàbí ẹsẹ̀ kan mọ́, á sì máa ké bí a bá gbá a mú níbẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò náà sábà máa ń gbà dé inú egungun, nígbà mìíràn láti ara egbò tàbí eéwo kékeré tí a ò kà sí. Ibi tí egungun ọmọdé ti ń gùn, nítòsí oríkèé, ló máa ń fi ṣelé, pàápàá itan àti ojúgun.

Ti X-ray tí kò fi nǹkan kan hàn kò yà mí lẹ́nu. Ó lè tó ọjọ́ 10 sí 14 kí àrùn náà tó hàn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bẹ dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì ṣe MRI, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara.

Ẹ rántí ẹsẹ̀ òsì mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó la fi ń wọ́ ọ, tí gbogbo wa rò pé ó rọ́ ni, títí ọyún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà níbẹ̀? Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, a ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n títí dòní mo ń fi ìtẹ́lẹ̀ sínú bàtà òsì, torí ẹsẹ̀ náà kò gùn tó èkejì.

Ẹ sọ fún àbúrò wa náà. Ọmọ rẹ̀ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, egungun ti máa ń ro ó tẹ́lẹ̀, ó sì rọrùn kí wọ́n pe èyí náà ní ìrora àtẹ̀yìnwá. Bí ìrora bá dúró sójú kan tí ibà ò lọ, kí wọ́n má dúró wò ó.

Oògùn rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á ti máa sáré kiri kó tó parí. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró. Ẹ ka oògùn tó kù, kí ẹ kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ máa bá yín kà á lálaalẹ́.

Èmi ni àbúrò yín.