Kò yẹ kí owó lé ọmọ aláìsàn jẹjẹrẹ kúrò ní ọsibítù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etígbọ̀ọ́ àwọn gómìnà àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbogbo nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n fi jẹjẹrẹ ọmọdé sínú àwọn àìsàn tí adójútòfò ìlera yóò máa sanwó rẹ̀, láti orí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ títí dórí kẹmó ìkẹyìn, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lẹ́nu ìtọ́jú báyìí. Eyín rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì. Kò pẹ́ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó le gbagidi, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn ún. Àwọn kan ní eyín ló fẹ́ pààrọ̀, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà eyín tí a gbé e lọ bá kò fọwọ́ kan eyín náà rárá, ó ní ká máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹran bíńtín lára ibi tó wú láti fi ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n sì rí i pé oríṣi jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Burkitt lymphoma ni. Orúkọ Denis Burkitt ni wọ́n fi ń pè é, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó kọ̀wé nípa àìsàn náà lọ́dún 1958, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda. Ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ibà ti pọ̀, ló ti wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọdé.

Àìsàn yìí yára. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó lè fi ìlọ́po méjì wú sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe yára yẹn náà ló ṣe máa ń tètè gbọ́ oògùn. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn kẹmó àkọ́kọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó ń béèrè ẹ̀bà.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìyá kan tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ kángun sí tiwa ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun. Nígbà tí ojú ọmọ náà padà sípò, tí kò sì sí owó kẹmó tó kàn, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á ṣe èyí tó kù. Ta ni máa dá a lẹ́bi? Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé ọmọ náà padà wá, àìsàn náà ti wọ eegun ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì kò gbé e mọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé wíwú náà lè lọ kí àìsàn ṣì wà nínú ara. Ìyá náà gbọ́, owó ni kò rí.

Kì í sì í ṣe owó kẹmó nìkan. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò kí wọ́n tó fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ẹ ó wá ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó ra oògùn èébì, ẹ ó ra omi tí wọ́n ń fà sí i lára, ẹ ó ra abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́. Kẹmó máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù, nítorí náà bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru, òru náà la ó gbé e lọ, iyekíye tí ọkọ̀ bá pè. Bàbá rẹ̀ ti ta kẹ̀kẹ́ Máàrúwá rẹ̀. Ti ẹlòmíì ló ń wà báyìí, tó ń jábọ̀ owó fún un lójoojúmọ́.

Wọ́n tún máa ń fún ọmọ mi lábẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, kí àìsàn má baà dé ọpọlọ. Èmi ni mo máa ń dì í mú. Á ká jọ, á fi orúnkún kan àgbọ̀n, kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè là fún dókítà, kò sì gbọdọ̀ mira. Oríkì ilé bàbá rẹ̀ ni mo máa ń kì sí i létí. Ó ti mọ̀ ọ́n débi pé bí mo bá fẹ́ fo ibì kan, á ní, "Màámi, ẹ ò tíì dé ibẹ̀ yẹn."

Àwọn tó ní kí n gbàdúrà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń gbà á. Ọmọ mi ṣì máa gba kẹmó rẹ̀ pé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé jẹjẹrẹ ń mú nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ́dọọdún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú 100 wọn tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ, wọn kì í tó 30. Bẹ́ẹ̀ oògùn náà kì í ṣe tuntun. Cyclophosphamide, vincristine àti methotrexate, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń lò wọ́n.

Gánà tó wà nítòsí wa níbí fi oríṣi jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin sínú adójútòfò ìlera wọn lọ́dún 2022: Burkitt yìí, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kídìnrín, àti èyí tó ń mú ẹyin ojú. Ọ̀wọ́n ọjà ń bá àwọn náà fínra nígbà náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó sì ní kí owó wà fún àwọn aláìní. Òfin ti wà nílẹ̀. Kí ló wá dé tí ọmọ tí oògùn lè wò yóò fi máa kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí owó?

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ pe àwọn dókítà ọmọdé, kí ẹ sì pe àwa òbí náà. Gbogbo rìsíìtì wa ni mo kó pamọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, màá kó wọn wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọmọ kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé