Èèyàn ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ kọ kọ̀ǹpáílà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, torí ọ̀rọ̀ kan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù, wọ́n á ní èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Go ni wọ́n fi kọ kọ̀ǹpáílà Go, èdè Rust ni wọ́n fi kọ ti Rust, àfi bíi pé kọ̀ǹpútà ló jókòó kọ ara ẹ̀. Rárá o! Ọmọ tó bá gba ìyẹn gbọ́ ò ní dábàá àtikọ tiẹ̀ láé, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń ka ohun téèyàn fi èdè kọ̀ǹpútà kọ, tó ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Èdè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èdè tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ kọ̀ǹpáílà ẹ̀ àkọ́kọ́. Èdè OCaml ni Graydon Hoare tó dá Rust sílẹ̀ fi kọ tiẹ̀, èdè C làwọn ará Google fi kọ ti Go. Tí èdè náà bá wá gbó dáadáa, wọ́n á fi òun fúnra ẹ̀ tún kọ̀ǹpáílà náà kọ, wọ́n á ní kí ti àtijọ́ túmọ̀ ẹ̀, látìgbà náà lọ ó lè máa túmọ̀ ara ẹ̀. Rust débẹ̀ ní 2011, Go débẹ̀ ní 2015.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Niklaus Wirth àti èdè Pascal tó ṣe ní Zürich, ní Switzerland. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi èdè Fortran gbìyànjú kọ̀ǹpáílà ẹ̀, kò bọ́ sí i, wọ́n pa á tì. Ni wọ́n bá fi Pascal kọ kọ̀ǹpáílà Pascal, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó gbọ́ Pascal o, ọ̀kan nínú wọn wá jókòó sílé, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sí èdè kékeré kan tó sún mọ́ ti ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa di 1970, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ èèyàn lásán o jàre!

Ìdí míì tó fi yẹ ká mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wà. Ní 1984 onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Ken Thompson ṣàlàyé bí èèyàn burúkú ṣe lè ki ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bọ inú kọ̀ǹpáílà, tí á máa ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú kọ̀ǹpútà ẹni, tí á sì máa ki ọgbọ́n yẹn bọ inú kọ̀ǹpáílà tuntun tó bá túmọ̀, tẹ́ ẹ bá ka kóòdù ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ìyẹn ló jẹ́ káwọn tó ń ṣe GNU Guix, ètò tó ń bá èèyàn kó sọ́fítíwia sórí kọ̀ǹpútà, máa wá ìdí kọ̀ǹpáílà wọn lọ sẹ́yìn, ní 2023 wọ́n tọ ipa ẹ̀ dé orí ètò kékeré kan tí ò ju báìtì 357 lọ, èyí téèyàn lè fojú ara ẹ̀ kà tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní yunifásítì àti poli, ẹ má fi ìdánwò nìkan parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpáílà. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kọ èyí tó kéré, kódà kó jẹ́ ìṣirò ìròpọ̀ nìkan ló máa lè túmọ̀.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìbàdàn